Ẹ Má Kó Àlejò Wa Kiri Bí Ẹrù

  

Mo ka ìwé tí ìgbìmọ̀ ìrìn-àjò lẹ̀ mọ́ ògiri lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. Àlejò mẹ́wàá ń bọ̀ wá bá wa láti ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn, òǹkọ̀wé ni gbogbo wọn, àwa mẹ́jọ la ó sì mú wọn rìn. Ohun tí ìgbìmọ̀ ní ká ṣe fún wọn nìyí: ọjọ́ Ajé, ká sùn ní Ọ̀yọ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ògbómọ̀ṣọ́. Ọjọ́rú, Òṣogbo. Ọjọ́bọ̀, Ilé-Ifẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì, Abẹ́òkúta. Tí ilẹ̀ Sátidé bá mọ́, kí oníkálukú máa lọ sílé ẹ̀. Ìlú márùn-ún, òru márùn-ún, bọ́ọ̀sì kan.

Mi ò fara mọ́ ọn, mo sì fẹ́ kó wà lákọsílẹ̀ pé mi ò fara mọ́ ọn. Ohun tí èmi ní ká ṣe kò le rárá. Ká gba ilé kan ní Ẹlẹ́yẹlé fún ọjọ́ márààrún, ká kó ẹrù wa síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ká máa jáde láàárọ̀, ká máa padà wálé nírọ̀lẹ́. Ìlú tá a bá dé tó bá dùn mọ́ wa, ká tún padà síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Èyí tí kò bá dùn, ká fi í sílẹ̀, kò sí ẹni tá a jẹ ní gbèsè.

Ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀nà tí ìgbìmọ̀ là sílẹ̀ yẹn dáadáa. Láti Ilé-Ifẹ̀ sí Abẹ́òkúta, ibo lẹ rò pé bọ́ọ̀sì máa gbà? Ìbàdàn ni! Èèyàn méjìdínlógún máa gbé báàgì lé itan, wọ́n á kọjá níwájú ilé ara wọn lọ́sàn-án gangan, wọ́n á máa wá hòtẹ́ẹ̀lì lọ sí Abẹ́òkúta. Ẹni tó ṣe ìṣirò yìí kò wo máàpù, tàbí kó jẹ́ pé ó wò ó, kó má rí Ìbàdàn láàárín. Bẹ́ẹ̀ Ìbàdàn ló wà láàárín gbogbo ẹ̀. Ọ̀yọ́ ò ju bí àádọ́ta kìlómítà lọ sí wa. Ifẹ̀ bí ọgọ́rin. Abẹ́òkúta kò tó ọgọ́rin. Òṣogbo bí àádọ́rùn-ún. Èyí tó jìnnà jù nínú wọn ni Ògbómọ̀ṣọ́, òun náà ò ju bí ọgọ́rùn-ún. Kò sí èyí tí ẹni tó jí ní aago márùn-ún àárọ̀ kò lè lọ kó sì padà jẹ àmàlà alẹ́ ẹ̀ ní Sángo.

Ẹ wo owó náà. Èèyàn 18, òru 5, ibùsùn 90 nìyẹn, lọ́wọ́ onílé márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí kò mọ̀ wá rí, tí kò sì ní rí wa mọ́. Irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ ni gbogbo onílé ń gbàdúrà fún: èyí tó dé lálẹ́, tó ti rẹ̀, tí kò lè lọ síbòmíràn. Ní Ẹlẹ́yẹlé, onílé kan ṣoṣo la ó bá dúnàá-dúrà, lọ́sàn-án, kí àlejò tó dé rárá. A ó dáná fúnra wa. Bẹ́ẹ̀ ni, owó ọkọ̀ máa pọ̀ díẹ̀ sí i torí pé à ń lọ à ń bọ̀, mi ò sẹ́. Ṣùgbọ́n kò pọndandan kí gbogbo wa wọ ọkọ̀ kan náà lọ sójú kan náà lójoojúmọ́. Ẹni tó fẹ́ lọ wo ààfin á lọ wo ààfin, ẹni tó fẹ́ jókòó kó kọ nǹkan á jókòó. Nínú bọ́ọ̀sì ìgbìmọ̀, tí ẹnì kan bá ń ṣàìsàn, gbogbo wa là ń ṣàìsàn.

Ẹnì kan nínú yín ti sọ ọ́ létí mi pé àṣà òyìnbó arìnrìn-àjò ni mò ń kó bọ̀. Òótọ́ ni pé àwọn òyìnbó ń ṣe é. Ní Ítálì, ìlú kékeré kan wà tó ń jẹ́ Lucca, odi tí wọ́n mọ yí i ká ṣì wà títí dòní, ó lé ní kìlómítà mẹ́rin, àwọn èèyàn ń rìn lórí ẹ̀, wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ lórí ẹ̀. Àlejò tó gbọ́n a gbé àpótí ẹ̀ síbẹ̀, a wọ rélùwéè lọ sí Pisa, ìyẹn ò ju bí ìdajì wákàtí. Lọ́jọ́ mìíràn a lọ sí Florence, a sì padà wá sùn. Kò bá èrò jà ní Florence, kò san owó ibùsùn Florence, alákàrà tó wà nísàlẹ̀ ilé ẹ̀ ní Lucca ti ń kí i kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Kí ló burú níbẹ̀?

Àmọ́ wọn ò kọ́ wa. Ìbàdàn fúnra ẹ̀, kí ni bí kò ṣe ibùdó? Ní 1829, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́ àti àwọn Ẹ̀gbá kan pàgọ́ síbí, ìlú kọ́ ni wọ́n wá tẹ̀ dó. Ibi tí wọ́n á ti máa jáde, tí wọ́n á sì máa padà sí ni wọ́n ń wá. Ní 1840 wọ́n jáde lọ gba Òṣogbo lọ́wọ́ ogun Ìlọrin, wọ́n padà wálé. Ní 1862 wọ́n fọ́ Ìjàyè, wọ́n padà wálé. Ìgbà tí wọ́n wá lọ pàgọ́ sí ojú ogun Kírìjì, tí wọ́n ń sùn níbẹ̀ lọ́dọọdún, ẹ ò rí ohun tó ṣẹlẹ̀? 1877 ni ogun yẹn bẹ̀rẹ̀, 1893 ni wọ́n tó tú ká pátápátá. Ààrẹ Látòósà ò tiẹ̀ padà wálé mọ́, ojú ogun ló kú sí ní 1885. (Mo mọ̀ pé ogun ni ìyẹn, tiwa kì í ṣe ogun. Ẹ jẹ́ n gbádùn àpẹẹrẹ mi jàre.)

Tí ẹ ò bá fẹ́ ti jagunjagun, ẹ mú ti àwọn ìyá wa alájàpá. Alájàpá kì í gbé ilé ẹ̀ rù. Ó ní ìsọ̀, ó ní yàrá, ó mọ ọjọ́ tí ọjà ibí máa ń kún àti ọjọ́ tí tọ̀hún máa ń kún, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi mọ ìlú mẹ́fà mẹ́jọ ju bí ọ̀jọ̀gbọ́n ti mọ̀ ọ́n. Àwọn àgbà sì ti ní ilé làbọ̀ sinmi oko. Wọn ò ní inú bọ́ọ̀sì làbọ̀ sinmi oko.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti ìwé kíkọ, torí pé ẹgbẹ́ òǹkọ̀wé la pe ara wa. Irú ìrìn-àjò yìí la ṣe lọ́dún tó kọjá, mo sì wà nínú ẹ̀. Ọkọ̀ tá a háyà dẹnu kọlẹ̀ lọ́nà, aago mẹ́sàn-án alẹ́ la wọ ìlú tó yẹ ká ti wọ̀ lọ́sàn-án, aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ kejì wọ́n ti ń pariwo pé ká máa wọlé, ká máa wọlé. Nígbà tá a dé, ewì mẹ́sàn-án la tẹ̀ jáde. Mo tún lọ kà wọ́n kí n tó kọ èyí. Mẹ́rin nínú wọn, bọ́ọ̀sì tó bà jẹ́ ni wọ́n ń sọ. Mẹ́ta, òkè tí wọ́n rí láti ojú fèrèsé. Méjì tó kù ń sọ̀rọ̀ nípa àṣà àti ìṣe àwọn baba ńlá wa, irú èyí tí èèyàn lè kọ láti orí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ láìkúrò ní họ́sítẹ̀lì. Nínú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, kò sí ọ̀kan tí èèyàn ti dá wa lóhùn. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tí ẹnì kan sọ fún wa. Báwo ló ṣe máa wà? A ò dúró.

Mo fẹ́ fi ti Ìsẹ́yìn ṣe àpẹẹrẹ, ìlú tí kò tiẹ̀ sí nínú ìwé ìgbìmọ̀. Láti Ẹlẹ́yẹlé, ẹ wọ Micra dé Sángo, ẹ gba Òjóò dé Mọ́níyà, ọ̀nà Ìsẹ́yìn ti là níbẹ̀. Kìlómítà 65 ni, wọ́n parí àtúnṣe ẹ̀ ní 2021. Ọ̀nà yẹn kọjá ní Ìjàyè, Ìjàyè Kúrunmí gangan, ẹ lè bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti lọ sí Ìsẹ́yìn, mo sì ń padà wá sùn nílé.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo dúró ti bàbá kan tó ń hun òfì. Ó bi mí bóyá mo fẹ́ rà. Mo ní rárá. Ó ń bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ, èmi náà ń wò, a ò sọ nǹkan gidi kan. Tó bá jẹ́ bọ́ọ̀sì ìgbìmọ̀ ló gbé mi lọ, ibẹ̀ ni ìmọ̀ mi nípa aṣọ òkè máa parí sí: ọkùnrin kan, òwú, ariwo ìgbá òfì. Mo padà lọ lọ́sẹ̀ kejì. Ó rántí mi. Ó ní, "Ìwọ tí o kì í ra nǹkan, o tún dé?" Ó wá fi òkúta kan hàn mí ní ọ̀ọ́kán, bí ìgbà tí ilé mẹ́ta bá tò tẹ̀lé ara. Mo ti rí òkúta yẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo rò pé wọ́n kàn gbé e sọnù síbẹ̀ ni. Òun ló di ìpẹ̀kun òwú mú. Bí bàbá ṣe ń hun, tó ń ká èyí tó ti hun mọ́ra, bẹ́ẹ̀ ni òkúta yẹn ń wọ́ nílẹ̀ bọ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ní òun ò nílò aago. Òun á wo ibi tí òkúta dé, òun á mọ̀ bóyá òun ti ṣiṣẹ́ owó oúnjẹ òní tàbí òun ò tíì ṣe é. Lọ́jọ́ kẹta tí mo lọ, kí n tó kí i, òkúta yẹn ni mo kọ́kọ́ wò. Ó ti sún mọ́ ọn gan-an. Inú ẹ̀ dùn pé mo mọ̀ ọ́n wò.

Ẹ tún wo ibi tí ibùdó ti wúlò. Aṣọ tí wọ́n hun ní Ìsẹ́yìn yẹn, apá kan nínú ẹ̀ ń bọ̀ wá sí ọjà Òjẹ́ níbí, nínú Ìbàdàn wa. Ìtàdógún ni wọ́n ń ná ọjà aṣọ òkè níbẹ̀, bí àwọn àgbà ṣe ń kà á, tí wọ́n ń ka ọjọ́ ọjà méjèèjì pọ̀. Tẹ́ ẹ bá fi ojú kàlẹ́ńdà òyìnbó wò ó, ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ni. Ẹni tó ti rí òkúta yẹn ní Ìsẹ́yìn, tó wá dúró ní Òjẹ́ tó ń gbọ́ bí oníbàárà ṣe ń já owó sányán wálẹ̀, ẹni yẹn ní nǹkan kọ. Kò sí bọ́ọ̀sì tó máa dúró de ìtàdógún. Ọjà Yorùbá kì í wò ìwé tí ìgbìmọ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri.

Ó tún ku Ìbàràpá. Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí. Ọ̀nà tó jáde láti Ẹlẹ́yẹlé lọ sí Ológuneru, lọ sí Ìdó, òun ló ń lọ sí Ẹ̀rúwà. Ẹnu ọ̀nà wa ló gbà. Ìlú méje ni Ìbàràpá, Ẹ̀rúwà, Lánlátẹ̀, Igbó-Ọrà, Ìdèrè, Ayétẹ̀, Tápà àti Ìgángán, ìgbìmọ̀ ò kọ ẹyọ kan ṣoṣo sínú ìwé wọn. Ìdí? Wọ́n ní kò sí ohun tí èèyàn ń wò níbẹ̀. Ní Ẹ̀rúwà ni Dókítà Olúyọ̀mbọ̀ Awójọbí dá ilé ìwòsàn ẹ̀ sílẹ̀ ní 1986, oníṣẹ́ abẹ tó kẹ́kọ̀ọ́ yanjú tó kọ̀ láti jókòó sí ìlú ńlá. Ó fi ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe ẹ̀rọ tó ń yí ẹ̀jẹ̀ kó lè mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ aláìsàn tó, torí pé ẹ̀rọ kẹ̀kẹ́ kì í dúró de iná mànàmáná. Ó kú ní 2015. Ẹ sọ fún mi pé kò sí ìtàn níbẹ̀. Igbó-Ọrà ńkọ́? Láti 1963 ni yunifásítì Ìbàdàn ti ń kó àwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà lọ gbé níbẹ̀ kí wọ́n lè mọ bí ìlera ará oko ṣe rí. Ìlú ìbejì ni, ọbẹ̀ ìlasa ni àwọn ará ibẹ̀ ń tọ́ka sí tó o bá bi wọ́n nídìí ẹ̀, láti 2018 sì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ọdún ìbejì tí àwọn èèyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò. Àlejò tó wá láti ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn ti rí fọ́tò Òkè Olúmọ. Ta ló ti mú un lọ jẹ ìlasa ní Igbó-Ọrà?

Ti Abẹ́òkúta kò gba àríyànjiyàn. Rélùwéè tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní 2021 ń gbéra ní Mọ́níyà, ó ń dúró ní Abẹ́òkúta. Ìbùdókọ̀ Abẹ́òkúta yẹn wà ní Láderin, ó jìnnà díẹ̀ sí ìgboro, ẹ ó tún wọ ọkọ̀ mìíràn kẹ́ ẹ tó dé Ìtọ̀kú níbi tí wọ́n ti ń ta àdìrẹ. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ wọlé, ẹ padà. Ọ̀yọ́ náà rọrùn. Tẹ́ ẹ bá dé ọjà Akẹ̀sán, ẹ bi àwọn ìyá níbẹ̀ nípa iná tó jó ọjà náà ní oṣù kìn-ín-ní 2020. Ẹ má ya fọ́tò ààfin nìkan wálé.

Mo gbọ́ àwọn tó ń sọ pé tó bá jẹ́ ibùdó là ń wá, kí ló dé tí kì í ṣe Bódìjà tàbí Ìwó Road. Ọ̀rọ̀ wọn nítumọ̀. Ọkọ̀ Ifẹ̀ àti ọkọ̀ Òṣogbo, Ìwó Road ni wọ́n wà, Ẹlẹ́yẹlé sì jìnnà síbẹ̀. Lọ́jọ́ méjì yẹn, àfi ká jí ní kùtùkùtù, kí gọ̀síló tó bẹ̀rẹ̀. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sùn ní Ìwó Road lóru kan ṣoṣo, pẹ̀lú fèrè ọkọ̀ àti ariwo agbèrò, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi ìlà mélòó lẹ kọ. Bódìjà tutù, owó ilé ẹ̀ ni ò tutù.

Àwọn mìíràn ní èèyàn kì í mọ ìlú tí kò bá sùn níbẹ̀. Èyí ni ọ̀rọ̀ tó ní eegun jù nínú ohun tí wọ́n sọ, mi ò ní fò ó. Òótọ́ ni pé ìlú ní alẹ́ tiẹ̀. Ẹni tó bá ní ìyá àgbà ní Ọ̀yọ́, kó dúró sọ́dọ̀ ìyá àgbà ẹ̀, kó mú àlejò kan dání, kí ìyá pa àlọ́ fún wọn. Ìyẹn ni kéèyàn sùn ní ìlú. Àmọ́ hòtẹ́ẹ̀lì etí títì, tó ní jẹnẹrétọ̀ àti tẹlifíṣọ̀n, tẹ́ ẹ wọ̀ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ tẹ́ ẹ jáde ní mẹ́jọ àárọ̀, Ọ̀yọ́ kọ́ lẹ sùn yẹn. Ẹ sùn nínú hòtẹ́ẹ̀lì ni. Òun kan náà ló wà níbi gbogbo.

Wọ́n tún ní Ẹlẹ́yẹlé kò ní nǹkan tí àlejò ń wò. Ìyẹn gan-an ló mú mi fẹ́ ẹ! Ibùdó tó bá ní nǹkan wíwò jù, èèyàn ò ní jáde níbẹ̀. Síbẹ̀, irọ́ ni wọ́n pa. Adágún omi wà níbẹ̀, tí wọ́n fi ìsédò tí wọ́n ṣe sórí odò Ọnà ní 1942 dá, kí Ìbàdàn lè rí omi mu. Àwọn apẹja ń wọ ọkọ̀ ojú omi lórí ẹ̀ láàárọ̀ kùtù, ẹ lè ra ẹja tó ṣì ń ta lọ́wọ́ wọn. Omi kan náà ni ìlú ń bẹ̀rù. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011, òjò rọ̀, omi kún kọjá àlà, afárá Àpẹ̀tẹ̀ já, ọ̀pọ̀ èèyàn bá omi lọ ní Ìbàdàn. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú ẹ̀ ń gbé ní àdúgbò yẹn títí dòní, wọ́n jókòó síwájú ilé nírọ̀lẹ́. Ẹni tó ti kí wọn fún ọjọ́ mẹ́ta tẹ̀léra, ọjọ́ kẹrin wọ́n á ní kó jókòó.

Ibi tó bá jìnnà ju kéèyàn lọ kó sì bọ̀ lójú ọ̀sán, ẹ fi sílẹ̀. Òkè Ìdànrè kò ní sá lọ. Ìsun omi Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà kò ní gbẹ nítorí pé àwa méjìdínlógún ò wá. Mi ò fẹ́ kí ọkọ̀ wa wà lójú títì lẹ́yìn aago méje alẹ́, ẹ̀yin náà mọ ìdí. Ẹni tó bá wà lọ́dọ̀ wa lọ́dún tó kọjá lóru ọjọ́ tí ọkọ̀ dẹnu kọlẹ̀ yẹn, tí gbogbo wa dákẹ́ tí à ń gbọ́ ìró igbó, kò ní bi mí.

Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni ìpàdé, aago mẹ́rin. Mo ti bá onílé kan sọ̀rọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Jẹ́ríkò. Yàrá mẹ́rin ló ní, kànga wà, ó ní ká má mutí. Ẹni tó bá ní ìkòkò ńlá méjì tó lè yá wa, kó mú wọn wá sí ìpàdé. Kí Alága sì jọ̀ọ́, kó bá wa wo kàlẹ́ńdà ọjà Òjẹ́ kó tó kọ lẹ́tà ọjọ́ tí àlejò máa dé sí wọn.